Káún Yovó

N kò lè jókòó bí ẹ̀wà bá wà lórí iná. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wà níwájú mi, kí bíìkì pupa tí mo fi ń máàkì wà lọ́wọ́ mi, kí n tó yẹ ìwé kan wò tán mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màá ṣí ìkòkò, màá tún dé e. Màá bu káún díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá gbé e sún mọ́ ojú, bí ẹni pé ẹnì kan ti wọlé wá pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìgbà tí mo jókòó sí ìgbà tí mo dìde. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màdáámù, ẹ̀wà yẹn ò ní sá lọ o." Ọkàn mi kì í balẹ̀ ni, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Físíìsì àti kẹ́místírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín, ní ilẹ̀ Kétu, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé ìwé. Ní sáà tó kọjá, ẹ̀kọ́ wa kan ajílẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú àpò ńlá tí àwọn olóko òwú ń kó wálé. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó: pọtáàsì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Màdáámù, kí la ń pè é ní Nàgó?" Nàgó ni a ń pe Yorùbá níhìn-ín. Kí n tó la ẹnu, gbogbo kíláàsì ti hó: "Káún!"

Mo pariwo mọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ariwo náà ti pọ̀ jù, nítorí ẹni tó wà níwájú pátápátá fà sẹ́yìn. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn, tí wọ́n bá lọ sọ́jà Kétu, tí wọ́n sì fi Faransé béèrè pọtáàsì lọ́wọ́ obìnrin tó tẹ́ ẹrù sílẹ̀, káún náà ló máa wọ̀n fún wọn, káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ilá. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, "Pọtáàsì wo?" Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ ara wọn: èyí tó wà nínú ajílẹ̀, èyí tó wà nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, káún ìdáná, àti èyí tó wà nínú ìgò ní lábò ilé ìwé. Mo ní nǹkan mẹ́rin ni, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó mú mi pariwo.

Ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Ìyá, ló tọ́ mi dàgbà, ní abúlé kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Okpomèta. Ẹ̀wà, àgbàdo àti gbágùúdá ló ń gbìn. Ó ń se àbọ̀bọ̀, ẹ̀wà sísè tí a fi gàrí àti epo jẹ, àwọn ènìyàn sì máa ń ti abúlé mìíràn wá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbọ̀bọ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀, ahọ́n rẹ̀ ni. Bí obìnrin kan bá ń se ọbẹ̀ ìkómọ tàbí oúnjẹ àlejò tí kò fẹ́ kí ó dójú ti òun, yóò bu ṣíbí kan, yóò rán ọmọ sí Ìyá. Ọmọ á sáré dé, á fi ọwọ́ kan bo ṣíbí kí eruku má bọ́ sí i. Ìyá á tọ́ ọ wò. Á dijú díẹ̀. "Sọ fún ìyá rẹ pé irú ò tíì jinná. Kó fi iyọ̀ sí i, kì í ṣe púpọ̀." Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan sọ pé ó ṣì í sọ.

Àwọn oníkáún bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò ní rà kó tó fi orí ahọ́n kàn án. Á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á fi ahọ́n kan èyí tó kéré jù lọ, á tutọ́, á wo oníkáún lójú. "Èyí, ẹ fi amọ̀ sí i." Bí mo ṣe kéré tó, mo máa ń gbéraga sí i, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ni ahọ́n náà.

Nígbà tí mo dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe BEPC, ìdánwò tó ń parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ń gbé ní ìlú Kétu láàárín ọ̀sẹ̀, nínú yàrá kan tí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì jọ gbà. Mo máa ń padà sọ́dọ̀ Ìyá ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ tí kò lè dúró sójú kan ni mí. Tí wọ́n bá kọ́ mi ní nǹkan lówùúrọ̀, mo máa ń fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ti gbé dígí dojú kọ oòrùn rí láti fi sun àgbàdo. Mo ti da eérú sí ìdí ata Ìyá títí ata náà fi kú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìmọ̀ rẹ kì í tilẹ̀ dúró kó tutù." Ó ń rẹ́rìn-ín ni nígbà náà.

Mọ̀síyọ̀ ni a ń pe olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Ègùn Àjàṣẹ́ ni. Ó gbọ́ Nàgó díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa fi ohun tó wà nílé wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ́ wa nípa agbára: iye igi tí iná orí òkúta mẹ́ta ń jẹ, iye ooru tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ lásán. Ó ní kí a wo ojú ọ̀nà, kí a wo bí wọ́n ṣe ń gé igi sun èédú láti kó lọ sí ìlú, pé ohun tí kò bá tètè jinná ń jẹ igbó. Mo ronú kan Ìyá lójú ẹsẹ̀. Igi ìdáná ti jìnnà sí i. Tẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣẹ́ ẹ, ní ọdún yẹn ó ń rìn kọjá oko ẹlòmíràn kó tó rí ìdì kan, ẹ̀wà gbígbẹ sì nìyí, àárọ̀ títí di ọ̀sán ló ń jókòó lórí iná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé orí ajílẹ̀. Mọ̀síyọ̀ sọ orúkọ àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó kan pọtáàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òun ni àwọn ìyá yín fi ń se ẹ̀wà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú káyé, ìwé ìkọ̀wé mi, mo fa ìlà pupa sí ìdí rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tí a ń pè ní lábò. Èmi ni wọ́n yàn láti máa nu ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan sì wà lọ́wọ́ mi. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni ìgò kan wà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sọ pé pọtáàsì. Ohun inú rẹ̀ funfun báláú, ó rí róbótó róbótó bí ẹ̀wà tí wọ́n bó. Mo fi wé káún ọjà tó máa ń rí bí eérú, tí iyanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Mo ní nínú ara mi, èyí ni ojúlówó. Bí èyí tó dọ̀tí bá lè mú ẹ̀wà rọ̀, báwo ni èyí tó mọ́ báyìí yóò ti ṣe é?

Mo jí i. Mi ò ní pe olè ní orúkọ mìíràn. Mo fi ṣíbí kékeré kó o sínú abala ìwé káyé, mo wé e, mo fi sáṣẹ́, ìyẹn ọ̀rá dúdú, wé e lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo fi máa délé lọ́jọ́ Sátidé, ìwé náà ti tutù. Mo bú ẹni tí mo rò pé ó da omi sínú báàgì mi. N kò mọ̀ pé nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ tó sì ń mu ún.

Ó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ẹni tó fẹ́ fi alùpùpù gbé mi padà sí Kétu ti ń tẹ fèrè, kí n tó rántí láti kó o fún Ìyá.

"Kí nìyí?" ni Ìyá wí.

"Káún ni. Káún yovó." Yovó ni a ń pe òyìnbó níhìn-ín, àwa àti àwọn Fọ̀n.

Ó rẹ́rìn-ín. "Yovó náà ń se ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà yóò jinná kíákíá, ẹ ò ní lo igi púpọ̀. Ẹ fi se ti àáró lọ́jọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni àáró kan Ìyá. Àwọn àgbẹ̀ bí ogún ni wọ́n ń lọ sí oko ara wọn ní ẹ̀yìn ara wọn, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ, ẹni tí wọ́n bá wá ṣán ilẹ̀ fún sì ni yóò bọ́ wọn. Òjò kò ní pẹ́ dé, ilẹ̀ Ìyá kò tíì mọ́. Bó bá pàdánù ọjọ́ yẹn, ó di ìgbà tí àáró bá yí ká kó tó kàn án, ìgbà yẹn ẹ̀wà àwọn ẹlòmíràn á ti máa yọ ewé. Ó fẹ́ tú ìwé náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ má ṣí i, afẹ́fẹ́ á bà á jẹ́. Ọjọ́ náà ni kí ẹ ṣí i." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Mọ̀síyọ̀ pé kí a máa dé ìgò yẹn dáadáa, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Alùpùpù tún tẹ fèrè, mo sáré lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Mọ̀síyọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé ìgò tí mo mọ̀ yẹn sórí tábìlì. Inú mi dùn, mo sún àga mi síwájú. Ó ju ẹyọ díẹ̀ sínú omi, ó ní kí ẹni tó wà níwájú fọwọ́ kan ara ife náà níta. Ọmọ náà yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Omi tútù ló bu síbẹ̀, kò sì dáná sí i, ṣùgbọ́n ó ti gbóná. Mọ̀síyọ̀ ju awọ adìyẹ tó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ rẹ̀ sínú omi náà. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń kọ nǹkan sára pátákó. Nígbà tó fi igi kékeré gbé awọ náà sókè, ó ti ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ó ń já. "Ọ̀rá ló ń sọ di ọṣẹ," ni Mọ̀síyọ̀ wí. "Bó bá kàn yín lára, ohun tó máa ṣe sí ẹran ara yín nìyẹn. Omi ni kí ẹ máa dà sí i, omi tó pọ̀, títí yóò fi sú yín."

Mo dìde. N kò nawọ́. Mo ní, "Mọ̀síyọ̀, ṣé òun kọ́ ni ti ẹ̀wà ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀síyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fi èyí se ẹ̀wà, kó wá ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀."

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, mo pe Ìyá. Wọ́n ní kò sí lórí ìlà. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹrin kí n tó rántí pé kò sí iná ní abúlé wa. Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá máa ń fi fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé ọkùnrin kan tó ní páńnò tó ń sọ oòrùn di iná lórí òrùlé, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń gba iná sí fóònù. Fóònù náà wà níbẹ̀, ó ń mu oòrùn, Ìyá sì wà nílé, ó ń se ẹ̀wà fún ogún ènìyàn.

Zẹ̀mí kan gbé mi, ìyẹn àwọn tó ń fi alùpùpù kó èrò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ fẹ́ pa mí. A ò tíì jáde nílùú tó fi dúró nídìí tábìlì kpayò, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró kí ẹni tó ń tà á wá àrọ tó fi ń dà á, àrọ sọnù, wọ́n wá a. Mo ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. A tún gbéra. Eruku pupa bò wá. Nígbà tí a fi máa dé ìdajì ọ̀nà, ó rí bàbá kan lójú ọ̀nà, ó tẹ búrèkì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Àna rẹ̀ ni. Bàbá náà béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ewúrẹ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ wà lórí iná."

Bàbá wò mí. "Oúnjẹ tó bá wà lórí iná, ó wà nílé nìyẹn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ọmọ mi."

Mo sunkún sí wọn lójú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́ ká lọ.

Ilé Ìyá ò jìnnà sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò dúró de zẹ̀mí, mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré gba àárín oko kọjá. Mo gbóòórùn epo gbígbóná kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ti kó àdá jọ síbì kan, ilẹ̀ tí wọ́n ṣán wà lẹ́yìn wọn ní gbalaja. Ìkòkò ńlá ti sọ̀kalẹ̀ lórí iná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu tàwọn àgbà. Olórí àáró, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti gbé ẹ̀kúnwọ́ dé ẹnu.

"Ẹ má jẹ ẹ́!"

Mo fọwọ́ gbá ti ọwọ́ rẹ̀ àti ti inú àwo rẹ̀ dànù. Mo yí sí ìkòkò, mo fi ẹsẹ̀ tì í, ẹ̀wà ṣàn lọ sínú eruku, ó jinná dáadáa, ó ń yọ ooru. Ẹsẹ̀ mi jóná, n kò mọ̀ títí di alẹ́.

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ló ṣe kiní yìí?" "Ṣé orí rẹ̀ ò yí?" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ba ọmọ yìí lórí jẹ́." Ebi ń pa wọ́n. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń ṣán ilẹ̀. Ní ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fẹ́ parí, tí àká ti ń fúyẹ́, ẹni tó bá da ìkòkò ẹ̀wà nù kò ní orúkọ rere kankan tó máa jẹ́.

Ìyá jáde láti ilé ìdáná. Ó fi etí gèlè bo ẹnu, bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, mo sì rí i pé ó mọ ìdí tí mo fi wá. Ó yára bọ́ sáàárín èmi àti wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo lábẹ́ gèlè, bí ẹni pé òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibà ló ń ṣe é. Ẹ wo ojú rẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé gàrí àti ẹ̀pà jáde. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkùnsínú. Wọ́n padà sóko, nítorí ti Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kórè ẹ̀wà ọdún yẹn.

Nínú ilé, mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Ìyá, ṣé ẹ fi sí i? Káún tí mo mú wá?"

Ó mi orí pé rárá. Ó tú gèlè. Ó la ẹnu.

Ètè rẹ̀ wú. Orí ahọ́n rẹ̀ funfun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ wa, ara ahọ́n náà ti bó ní ibì kan. Mo wò ó, mo wò ó, mo ń retí kí ẹlòmíràn sọ ohun tí mò ń rí fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an, kí eruku alùpùpù wa tó rọlẹ̀, ló ti tú ìwé náà. Ó fi ahọ́n kàn án bó ṣe máa ń fi kan káún gbogbo. "Kí n gbé ohun tí ahọ́n mi ò mọ̀ sínú ìkòkò tí ènìyàn máa jẹ?" Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń nu itọ́. Ó ní kó tó lè tutọ́, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu òun bí ọṣẹ. Mo béèrè pé ṣé ó da omi sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, igbá kan. Igbá kan! Mọ̀síyọ̀ ní kí a máa da omi títí yóò fi sú wa. Ṣùgbọ́n kànga ò sí ládùúgbò wa, omi ilẹ̀ Kétu jìn kọjá okùn. Omi òjò tó wà nínú kòtò sìmẹ́ńtì ni à ń mu, ó ti kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, Ìyá sì ní ogún ènìyàn tó máa fún lómi lọ́jọ́bọ̀. Lẹ́yìn igbá kan náà, ó fi epo pupa sí i.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ọmọ mi jí nǹkan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Kí wọ́n lé ọ?"

Ó nawọ́ sókè àjà, ó mú ìgò kan tó dé pinpin wá. Ohun tí mo mú wá ló wà nínú rẹ̀, ó ti di omi. Ó ti tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò dé. "Dá a padà fún ẹni tó ni ín. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un."

Mo fà á lọ sí ibùdó ìlera lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu, Ìyá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. "Iṣu gbígbóná ni," ló wí. Nọ́ọ̀sì ní iṣu kì í ṣe báyìí. Ìyá ní iṣu tirẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé ìgò náà lé orí tábìlì Mọ̀síyọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti pinnu pé bó bá lé mi, màá lọ. Ó jókòó. Ó gbọ́ títí dé orí ahọ́n. Ègùn ló fi sọ̀rọ̀ kó tó padà sí Faransé: "Èmi ni mo sọ fún yín pé òun ni ìyá yín fi ń se ẹ̀wà." Kò mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lábò lọ́wọ́ mi, láti ọjọ́ yẹn kò tún fi ẹ̀wà tàbí ìyá ẹnikẹ́ni ṣe àpẹẹrẹ. Mo kábàámọ̀ ìyẹn náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ dùn.

Ahọ́n Ìyá jinná. Ó padà ń jẹ ata, ó ń bú oníkáún bó ti ń bú wọn. Mo gbà gbọ́ pé omi ló dànù lóòótọ́, pé agbè kò fọ́. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ balẹ̀ ni ọmọ aládùúgbò kan fi sáré dé lọ́jọ́ Sátidé kan, tí ó fọwọ́ bo ṣíbí. Ìyá rẹ̀ ń se ọbẹ̀ àlejò. Ìyá tọ́ ọ wò. Ó dijú. Ó dijú pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

"Sọ fún ìyá rẹ pé ó dáa."

Ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àgbà ti dé o. Ọbẹ̀ tí n kò tíì fi ẹyọ iyọ̀ kan sí lẹ ní ó dáa!" Ìyá bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà ti dé lóòótọ́.

Nígbà tó lọ tán, Ìyá pè mí sí ilé ìdáná. Àbọ̀bọ̀ wà lórí iná. Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ, ó nà án sí mi. Kò wo ojú mi. "Wá bá mi tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ò dá mi lójú mọ́."

Àwọn ṣíbí dẹ́kun díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń rán wọn ò bá a jà, ọmọ tó máa ń sáré wá ni kò sáré wá mọ́. Gbogbo àdúgbò rò pé ọjọ́ orí ni. Àwa méjì la mọ̀, àti Mọ̀síyọ̀ tí wọ́n ti gbé lọ síbòmíràn. Ó ti ju ìgbà kan lọ tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kó mọ ohun tí mo sáré wá gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá kì í gbà. Ó ní olùkọ́ ni mí báyìí, pé kí n má fọwọ́ ara mi kó ẹrẹ̀ ba aṣọ mi.

Ó ṣì wà láàyè. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń gun alùpùpù láti Kétu lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ mi sì gbà pé àbọ̀bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà pupa yẹn. Bí mo bá dé, yóò ti bu ṣíbí sílẹ̀. Mo máa ń tọ́ ọ wò lórí ìdúró.

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Á fi ìka mú iyọ̀, á wọ́n ọn sí i, á rò ó, kò sì ní gbé ṣíbí sí ẹnu ara rẹ̀. Ojú mi ló máa ń wò. Á tún wọ́n ọn, á tún wò mí, títí tí màá fi mi orí pé ó ti tó.